Ta ló dé ibẹ̀ rí? Ìdáhùn fún ìyá kan nípa òkúta tó le tó sì ń ṣàn

Lẹ́tà kan wọlé sí mi láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìjẹ̀bú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tiwọn náà ni: "Ẹ̀yin ọmọ wa onímọ̀ òkúta, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé òkúta tí iná ti yọ́ di omi ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, pé òun náà ló ń tú jáde lẹ́nu òkè ayọnáyèéfín. Ọmọ ọmọ mi tó ń ka jiọ́lọ́jì délé ní ìsinmi, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òkúta gidi ni, ó le, síbẹ̀ ó ń ṣàn. Mo ní báwo ni ohun tó le ṣe ń ṣàn? Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá yọ òkúta dúdú kan tó mú bọ̀ láti Jos, nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìgò fífọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní láti kìlómítà 50 nísàlẹ̀ ni aláwọ̀ ewé yẹn ti wá, àti pé ó kọ ibi tó ti wá sára. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, n ò rí ohun tí ó kọ. Ta ló dé ibẹ̀ rí? Àbí ẹ̀yin náà kàn ń méfò ni?"

Màmá, ẹ kú ìsinmi iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà yín lọ́wọ́ ọmọ ọmọ yín: ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán inú ìwé wa fi ayé hàn bí ẹyin tí kò jinná tán, tí inú rẹ̀ pọ́n tó sì ń dà. Mo ti dàgbà tó láti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò kí n tó mọ̀ pé àwòrán náà ṣì wá lọ́nà. Ọmọ náà gba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló dì pọ̀ tí kò wúwo bákan náà. Pé òkúta ibẹ̀ le, pé ó ń ṣàn: lórí méjèèjì yìí, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Pé òkúta tirẹ̀ ti kìlómítà 50 gan-an wá: ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, a ó padà sí i, torí ibẹ̀ ni ẹ ti mú un láìmọ̀.

Ẹ bèèrè pé ta ló dé ibẹ̀. Kò sí. Ihò tó jìn jù tí ọmọ ènìyàn gbẹ́ ni ti Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1970, nígbà tó fi máa di 1989 wọ́n ti dé mítà 12,262, ooru isàlẹ̀ wá di wọ́n lọ́wọ́. Èèpo ilẹ̀ lábẹ́ àwọn ilẹ̀ ńlá bíi Áfíríkà sì sábà máa ń nípọn tó kìlómítà 35 sí 40. Ìdí èèpo yẹn ni ipele tí à ń pè ní mantle ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé nǹkan bíi kìlómítà 2,900. Nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo wàhálà Kola, èèpo náà ni wọ́n ṣì wà, wọn ò tíì là á dé ìlàjì. Ní 2023, ọkọ̀ ìwádìí kan gbẹ́ ihò mítà 1,268 sínú òkúta mantle lábẹ́ òkun Atlántíìkì, ní ibi tí ilẹ̀ ti ya tí ó sì ti fà á sún mọ́ òkè. Ohun ìyanu ni lóòótọ́, àmọ́ mantle abẹ́ òkun nìyẹn, omi òkun sì ti wọ inú rẹ̀, ó ti yí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ti abẹ́ ilẹ̀ tiwa kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń dé ibẹ̀ tó sì máa ń padà wá ròyìn ni ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀. Ní 1909, Andrija Mohorovičić ní ìlú Zagreb ṣàkíyèsí pé àwọn ìgbì kan tó gba ọ̀nà jíjìn máa ń ṣáájú àwọn tó gba ọ̀nà kúkúrú dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà, níbi tí òkúta mìíràn wà tí ìgbì ti ń sáré ju ti òkè lọ. Bí wọ́n ṣe rí ìdí èèpo ilẹ̀ nìyẹn láìgbẹ́ ihò kankan. Ìgbì kan sì tún wà tó máa ń mi òkúta sọ́tùn-ún sósì bí ó ṣe ń lọ. Ẹ so okùn mọ́ òpó, ẹ fì í sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó rí i tí ó ń sáré lára okùn náà. Omi kò lè gbé irú ìgbì bẹ́ẹ̀, torí pé bí ẹ bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní ohun tí yóò fà á padà sí àyè rẹ̀. Ìgbì yìí ń la mantle kọjá já títí dé kìlómítà 2,900, ibẹ̀ ló ti máa ń kú. Irin yíyọ́ ló wà níbẹ̀. Nítorí náà omi iná tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó kàn jìn ju ibi tí ẹ fi í sí lọ ni, irin ni kì í sì ṣe òkúta, kò sì sí òkè ayọnáyèéfín kan tó ń pọn láti ibẹ̀.

Kí wá ni èyí tó ń tú jáde lẹ́nu òkè? Òkúta mantle náà ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹrù tó wà lórí òkúta kì í jẹ́ kó tètè yọ́ bó tilẹ̀ gbóná gan-an. Bí òkúta gbígbóná bá rọra gòkè, ẹrù náà á fúyẹ́, bí omi díẹ̀ bá sì wọ inú rẹ̀, yóò tètè yọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí yóò yọ́, bí òróró tó ń sun jáde lára ẹran tí à ń yan. Ẹran náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì le.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé ohun tó le ń ṣàn. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó ti irin bọ iná, ọmọ iṣẹ́ ń fin ẹwìrì, irin pọ́n yòò. Irin yẹn kò yọ́ o, irin kì í yọ́ àfi tó bá gbóná tó ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 1,538. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú gbé e, kò ní dà sílẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ owú ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ń nà án jáde, títí yóò fi di ọkọ́ tàbí àdá. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ yóò tún sọ fún yín pé irin tí a bá ń lù ní tútù máa ń le gbagidi sí i ni, yóò sì là bí a kò bá dá a padà sínú iná láti tú u lára. Gbólóhùn yẹn gan-an ni gbogbo ohun tí mo ń jẹun lé lórí. Mantle jẹ́ irin inú iná tí ẹnìkan ń tẹ̀ tí kì í lù. Agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ kéré, àmọ́ kò sinmi rí. Òkúta kan tó gùn ní mítà kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún lè lo bí ọdún mílíọ̀nù mẹ́ta kó tó fi mítà kan kún gígùn rẹ̀. Lójú ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá, òkúta líle ni. Lójú ọdún mílíọ̀nù, ṣíṣàn ló ń ṣàn. Ní àríwá Yúróòpù, níbi tí yìnyín tó nípọn ní kìlómítà ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́, yìnyín náà ti yọ́ láti nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún, síbẹ̀ etíkun láàárín Swídìn àti Fínlándì ṣì ń gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dọọdún. Òkúta tí yìnyín tì kúrò lábẹ́ rẹ̀ ló ń padà bọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣe é nínú ara rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Òkúta mantle tó pọ̀ jù ni peridotite, hóró aláwọ̀ ewé tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni olivine. Inú hóró kọ̀ọ̀kan, àwọn átọ́ọ̀mù tò bí ẹní tí a hun, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n hun láìkù síbì kan. Ẹ rántí rọ́ọ̀gì pálọ̀ yín. Bí àga bá wà lórí rẹ̀, ẹ ò lè fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ kó wú sókè ní etí kan, tí ẹ wá ń fẹsẹ̀ ti ibi tó wú náà lọ títí dé etí kejì, gbogbo rọ́ọ̀gì á ti sún láìgbé àga. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ ni àwọn àbùkù inú hóró olivine, àwọn ló ń rìn, àwọn ló ń sún hóró náà. Ọ̀nà kejì wà tí kò ní ariwo. Ẹ ronú nípa bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tó kún àfi àyè ẹnìkan. Ẹni tó wà nítòsí sún sí i, ẹlòmíràn sún sí ti ìyẹn, àyè náà wá rìn dé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Átọ́ọ̀mù máa ń sún báyìí kúrò níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n lọ síbi tó dẹ̀. Bí hóró bá kéré, ọ̀nà kejì yìí ló máa ń borí. Bí ó bá tóbi, ti rọ́ọ̀gì ni.

Bí agbára bá wá pọ̀ jù, àwọn àbùkù yóò kún inú hóró fọ́fọ́, bí irin tí alágbẹ̀dẹ lù ní tútù. Òkúta yóò wá tú ara rẹ̀ lára fúnra rẹ̀: hóró ńlá á fọ́ di hóró kéékèèké tuntun tí kò ní àbùkù. Bí agbára bá ṣe pọ̀ tó ni hóró tuntun náà yóò ṣe kúnná tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gàrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí gàrí lẹbu, ẹ ti mọ bí mo ṣe ń kà á. Mo gé òkúta náà títí yóò fi tín-ínrín tó mìlímítà 0.03, ìmọ́lẹ̀ á wá là á kọjá, mo fi í sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo wọn hóró. Hóró tó tó mìlímítà mẹ́ta, mẹ́rin: jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Hóró bí ìyẹ̀fun tó yí hóró ńlá díẹ̀ ká: wọ́n fi ojú rẹ̀ rí nǹkan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí òkúta líle tó ṣàn, ẹ ò ní láti dé Jos. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti gé òkè láti la ọ̀nà ní Ìbàdàn, ẹ wo òkúta onílà dúdú àti funfun. Ẹ ó rí i tí ìlà wọ̀nyẹn ká, tí wọ́n ṣẹ́po bí aṣọ tí ọmọdé ká. Kò yọ́ nígbà tó ń ká, bó bá yọ́ ni, ìlà ò ní kù. Èèpo ilẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe mantle, òkúta rẹ̀ yàtọ̀, ó sì máa ń rọ̀ ní ìwọ̀n ooru tó kéré sí ti olivine, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tí wọ́n rò pé òkè lásán ni.

Báwo ni òkúta mantle ṣe ń dé ọwọ́ wa láti abẹ́ ilẹ̀ tó nípọn báyẹn? Òkè ayọnáyèéfín ló ń já a gbà bó ṣe ń sáré bọ̀ lókè. Èyí tó ń ti ibi tó jìn jù wá ni kimberlite, orúkọ ìlú Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi pè é, níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì láti nǹkan bí 1871. Kimberlite máa ń sáré gan-an: wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan ni ìṣirò tó pọ̀ jù fi ìrìn rẹ̀ sí. Ẹ̀rí wà. Dáyámọ́ńdì kì í fara mọ́ ibi tí ẹrù ti fúyẹ́, bí ó bá pẹ́ lójú ọ̀nà nínú ooru, yóò di ohun dúdú inú pẹ́ńsù. Ní Beni Bousera ní ilẹ̀ Mòrókò, òkúta mantle kan wà tí kò ti ẹnu òkè ayọnáyèéfín wá, ilẹ̀ ló rọra gbé e gòkè. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun dúdú inú pẹ́ńsù tó ṣì gbé àwòrán dáyámọ́ńdì wọ̀, ojú mẹ́jọ pé. Dáyámọ́ńdì ni tẹ́lẹ̀, ó pẹ́ lọ́nà. Ti Kimberley kò pẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á lówó iyebíye.

Ẹ wá sí ibi tí òkúta kọ̀wé sí. Kò sí lára, inú ni. Nínú peridotite, hóró oríṣi méjì kan wà tí à ń pè ní pyroxene, méjèèjì ń pín kálísíọ̀mù. Bí ibẹ̀ bá tutù, ọ̀kan máa ń gba kálísíọ̀mù tó pọ̀, èkejì á gba díẹ̀ kíún. Bí ó bá ṣe ń gbóná, ìyàtọ̀ wọn á máa dín kù. A ti se irú òkúta bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ooru, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Bí a bá wọn kálísíọ̀mù inú wọn lónìí, a ó mọ bí ibẹ̀ ti gbóná tó. Ti jíjìn ni garnet ń sọ. Garnet jẹ́ hóró pupa tó fún pọ̀ bíi danfo tí kọ̀ndọ́ ń sọ pé kí wọ́n wọlé sí i. Bí ẹrù òkè bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù á ṣe máa kúrò nínú pyroxene lọ sínú garnet. Pyroxene tí alumíníọ̀mù rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ garnet, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti wá. Nítorí náà kì í ṣe ìméfò, Màmá. Àmọ́ kò péye bíi rúlà pẹ̀lú: bí a bá ṣe é dáadáa, ó lè fi ìwọ̀n 50 ṣìnà ní ti ooru, kó sì fi kìlómítà mẹ́wàá ṣìnà ní ti jíjìn.

Èmi náà ti ṣìnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo wọn eteetí àwọn hóró kan torí pé ibẹ̀ ló mọ́ jù, mo sì fi ìgbéraga gbé èsì fún ọ̀gá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n padà lọ wọn àárín. Ìyàtọ̀ láàárín etí àti àárín hóró kan náà lé ní ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n. Òkúta dúdú tó gbé e wá ló ti sun etí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni ohun kan yé mi tí mo ṣì ń sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi: òkúta kì í rántí ìgbà kan ṣoṣo. Ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀ ní bí ó ṣe ń yá a lára láti gbàgbé. Etí hóró lè gbàgbé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àárín hóró lè rántí ooru tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mílíọ̀nù. Bí hóró ṣe tóbi tó máa ń tètè yí padà bí ibẹ̀ bá gbóná, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn hóró kọjú sí lè dúró fún ìgbà pípẹ́ gan-an. Bí ẹnìkan bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ ọ́, yóò sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá ńlá. Ní 1973, Joe Boyd, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí gbogbo wa ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní, wọn àwọn òkúta mantle láti inú kimberlite orílẹ̀-èdè Lesotho, pàápàá ti Thaba Putsoa. Ó rí i pé wọ́n pín sí méjì. Àwọn tó wá láti ibi tí kò jìn púpọ̀ ní hóró ńlá, wọn ò gbóná jù, ìwọ̀n 900 sí 1,100 tàbí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá láti ìsàlẹ̀ pátápátá, bíi kìlómítà 150 sí 200, ni hóró wọn ti fọ́ kúnná, tí wọ́n nà bí ẹni fi ọwọ́ ra á mọ́lẹ̀, ooru wọn sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rò ó dáadáa, ó ní ìdí ilẹ̀ ńlá Áfíríkà nìyẹn, ibi tó ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bó ṣe ń rìn, fífi ara gbo ara sì ló mú ooru yẹn wá. Ẹ wo bí ó ṣe dùn gbọ́ tó! Èmi ì bá gbà á. Àmọ́ àwọn mìíràn tọ́ka sí ohun kékeré kan: hóró kíkúnná kò lè pẹ́ ní kíkúnná nínú ooru ìwọ̀n 1,300 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tún dì pọ̀, wọ́n á tóbi padà, ní àkókò tí kò tó nǹkan kan lójú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì kúnná nígbà tí kimberlite gbé wọn, a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà báyìí ni pé wàhálà tó ṣáájú ìtújáde kimberlite náà, ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 90 sẹ́yìn, ló na àwọn òkúta yẹn. Wọ́n ń sọ ìtàn alẹ́ tí wọ́n kúrò nílé, a rò pé ìtàn ilé ni wọ́n ń sọ. Ìṣirò Boyd kò burú, ìlànà rẹ̀ náà la ṣì ń lò. Ibi tó ti ṣìnà ni àkókò.

Ọ̀nà tí hóró kọjú sí ni mo fọkàn tán jù, tí ó sì tún máa ń bí ìjà jù. Bí olivine bá ń ṣàn lọ́nà ti rọ́ọ̀gì, àwọn hóró rẹ̀ á rọra kọjú síbì kan náà, bí igi gẹdú lórí ọ̀sà ṣe máa ń tò bí omi bá ń wọ́ wọn lọ. Olivine sì ní ọ̀nà kan tí ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ tó yára jù ti ń sáré nínú rẹ̀, bíi kìlómítà 9.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti ọ̀nà tó lọ́ra jù, bíi 7.7. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ìgbì tó ń mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà, ó sì máa ń pín sí méjì bó ṣe ń la mantle kọjá, ọ̀kan á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú èkejì dé. Láti inú ìyàtọ̀ kékeré yìí la fi ń mọ ọ̀nà tí òkúta kọjú sí ní ìsàlẹ̀, láìrí òkúta kankan. Ṣùgbọ́n ta ló tò wọ́n? Àwọn kan ní ìdí ilẹ̀ ńlá tó ti tutù ló ṣì gbé ìtò àtijọ́ pamọ́ láti ọdún bílíọ̀nù sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní ṣíṣàn òní ni, lábẹ́ ìdí náà. Lójú tèmi méjèèjì ló wà, ìgbì kan ṣoṣo sì ni ó la àwọn méjèèjì kọjá, ó sì ṣòro láti ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ dájú pé ọ̀kan ni, ẹ bi í pé èwo nínú rẹ̀ ni ìgbì náà sọ fún un.

Ọmọ ọmọ yín lè ti sọ fún yín pé àwọn ilẹ̀ àtijọ́ ní gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́ Kimberley, mantle tó ti tutù tó sì le nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà 200, ó sì ti wà níbẹ̀ fún bí ọdún bílíọ̀nù mẹ́ta. Ìdí tí mantle tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ kò fi wọ́ ọ lọ láti ọjọ́ yìí wá ni ìbéèrè tó máa ń lé mi lójú oorun. Ìdáhùn kan ni gbígbẹ. Omi díẹ̀ bíńtín, tí kì í ṣe omi rárá bí kò ṣe átọ́ọ̀mù háídírójìn tó há sínú olivine, máa ń mú kí ó rọ̀ gan-an. Olivine láti ìdí gbòǹgbò yìí gbẹ ju ti òkè rẹ̀ lọ, nítorí náà ó le, kò gbà kí wọ́n wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí ẹ rò pé gbòǹgbò kì í tu. Ní àríwá Ṣáínà, kimberlite tó tú ní ọdún tó lé ní mílíọ̀nù 400 sẹ́yìn gbé dáyámọ́ńdì wá, a jẹ́ pé gbòǹgbò náà nípọn nígbà yẹn bí ti Kimberley. Àwọn òkè ayọnáyèéfín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ní agbègbè kan náà gbé òkúta tí kò ní garnet wá, tó gbóná, láti ibi tí kò jìn púpọ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ báyìí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ. Ìyókù ti lọ. Bó ṣe lọ, bóyá ó wó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni àbí wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ṣì ń jà lé e lórí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín. Nínú ilé ìwádìí, a máa ń tẹ olivine láàárín wákàtí tàbí ọjọ́, torí pé a fẹ́ parí iṣẹ́ kí a tó kú. Mantle ń ṣe é ní ìlọ́po bílíọ̀nù ní lílọ́ra. A ń fi ti wákàtí ṣírò ti ọdún mílíọ̀nù ni, ìdí sì wà láti gbà á, torí pé a rí irú àbùkù kan náà nínú hóró tiwa àti nínú èyí tí kimberlite gbé wá. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ṣì.

Ó wá ku òkúta tó wà lórí tábìlì yín. Mi ò tíì rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, òkúta dúdú náà ni èyí tó yọ́ tó sì tutù, aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ ni peridotite tó já gbà bọ̀, irú wọn sì wà ní Jos àti Biu dáadáa. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Èyí tó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ni olivine. Ẹ ó rí pyroxene méjèèjì, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé tó dúdú, tó ń tàn, ọ̀kan ní àwọ̀ bíi ti kọfí. Hóró dúdú wínníwínní tó wà láàárín wọn ni spinel. Pyroxene wà níbẹ̀, nítorí náà a lè mọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Àmọ́ spinel kò mọ jíjìn bíi garnet. Ohun tó lè sọ kò ju pé òkúta náà ti abẹ́ èèpo ilẹ̀ wá, àti pé kò tíì dé ibi tí garnet ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ibì kan láàárín nǹkan bíi kìlómítà 35 sí 70. Aadọ́ta tí ọmọ yẹn pè wà láàárín rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín ló mú, kò wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gé e láti wò ó, kó gé àárín aláwọ̀ ewé náà, kó jìnnà sí ibi tó ti fara kan dúdú. Ẹ̀yin náà, ẹ tún yí i wò dáadáa ní ojú oòrùn. Bí ẹ bá rí hóró pupa kan ṣoṣo tó fara ti aláwọ̀ ewé náà, kódà kó má ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kó gé nǹkan kan o, ẹ tètè kọ̀wé sí mi.